Ijó Tí Ẹ Ń Lọ Jó ní Iléṣà

Bàbá mi tí mi ò rí tọrọ àforíjì lójú ayé,

Mo wà ní fọ́ọ̀mù tú nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Iléṣà ní Sátidé-Sátidé. Ẹ̀yin tí ẹ kì í kúrò lójúde wa ní Òṣogbo bí ẹ bá ti ibi iṣẹ́ réluwéè dé! Ẹ ní ẹ ń ran ọ̀rẹ́ yín, bíríkìlà, lọ́wọ́ níbi tó ti ń kọ́lé. Mi ò gbà yín gbọ́. Ta ní í kọ́lé tó ń fi imú kọrin bọ̀ wálé? Ìyá mi á fọ ṣòkòtò yín, wọ́n á tẹjú mọ́ ẹrẹ̀ etí rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, mo wọ ọkọ̀ tó tẹ̀lé tiyín. Mo béèrè ilé bíríkìlà títí mo fi débẹ̀, mo sì yọjú lójú fèrèsé. Ènìyàn bíi méjìlá ló ṣe agbo nínú yàrá tí wọn ò tíì parí, láìwọ bàtà, wọ́n ń tẹ amọ̀ tútù mọ́lẹ̀. Wọ́n fi ìka kékeré kọ́ ara wọn, apá wọn ń yí lọ yí bọ̀. Bíríkìlà wà lápá ọ̀tún yín. Òyìnbó obìnrin wà lápá òsì, tíṣà Faransé ní ilé-ìwé kan níbẹ̀.

Òun ló kọ́kọ́ rí mi. "Wọlé, ọmọ. Bàtà nìkan ni a ò fẹ́."

Ó ní ní Bùrẹ̀táànì, agbègbè wọn létí òkun ní Faransé, bí ẹnìkan bá kọ́lé, aládùúgbò á wá bá a tẹ ilẹ̀ rẹ̀ kó le. Iṣẹ́ yẹn ló di ijó. Nígbà tí sìmẹ́ńtì dé, iṣẹ́ parí, ijó ò parí. Ó bọ́ sójúde ìgbéyàwó, ó wá gun orí pèpéle, àwọn ọ̀dọ́ ń wọṣọ àwọn baba ńlá wọn jó o fún ìdíje.

Ó ní, "Ọ̀pọ̀ wọn ò mọ̀ pé ilẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀."

Ẹ rẹ́rìn-ín. Mi ò wọlé.

Nígbà tí mo délé, mo ní, "Ìyá, mo rí Bàbá àti òyìnbó obìnrin kan. Wọ́n ń jó, ìka wọn kọ́ra." Irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n mi ò dárúkọ bíríkìlà, mi ò sì dárúkọ àwọn yòókù.

Láti Sátidé tó tẹ̀lé e ni ẹ ti ń jókòó sílé. Ẹ ò bi mí léèrè. Mo fura sí ìyẹn náà, mo ní ẹ̀bi ló dè yín mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú yín ni mo tó kúnlẹ̀ jẹ́wọ́ fún Ìyá. Ẹ̀wà ni wọ́n ń ṣà, wọn ò gbójú sókè.

"Mo ti mọ̀. Bàbá ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún mi lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n ní kí n má bá ọ wí, pé ọmọ tó ń ṣọ́ ilé ìyá rẹ̀ kì í ṣe ọmọ burúkú."

"Kí ló dé tí wọn ò lọ mọ́?"

"Wọ́n ní láti ọjọ́ tó o ti Iléṣà dé, o ò jẹun dáadáa."

Bàbá mi, ṣé òtítọ́ ni, àbí Ìyá kàn fẹ́ tù mí nínú? Ẹ rí i, ara mi kò tíì fi ìfura sílẹ̀.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tí ẹ fi ijó sílẹ̀ nítorí rẹ̀.