Omi Kànga Nínú Ẹ́ńjìnnì Mi

Mówe, Sátidé, ìrọ̀lẹ́

Inú ń bí mi gan-an bí mo ṣe ń kọ èyí.

Sátidé mẹ́rin ni mo fi tú ẹ́ńjìnnì mọ́tò eré-ìje mi, tí mo sì tún un tò fúnra mi, nítorí gbogbo mẹkáníìkì àdúgbò ló ní kí n tà á fún àwọn tó ń ra irin. Lánàá ni mo rọ omi aláwọ̀ ewé tí wọ́n ṣe fún ẹ́ńjìnnì sí i, kó má baà gbóná, kó má sì dógùn-ún.

Bọ́ọ̀tì kan péré ni mo lọ rà láàárọ̀ yìí! Nígbà tí mo dé, Bàbá mi dúró ti mọ́tò, garawa wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ti da omi mi sí gọ́tà, wọ́n sì ti rọ omi kànga dípò ẹ̀. Omi kànga wa, tó ń sọ ike funfun di pupa!

Wọ́n ní, "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi wa takisí, mi ò ra omi fún mọ́tò rí. Wọ́n kàn ń lù ẹ́ ní jìbìtì ni."

Ṣé wọn ò lè bi mí ná? Ká ní ẹlòmíì ni...

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà."

Wọ́n ní, "Lọ́la, wàá fi mọ́tò yìí gbé mi lọ sí Ifọ̀, kí àwọn tá a jọ wa takisí rí ohun tọ́mọ mi fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe."

Nígbà tí wọ́n lọ kírun Magrib, mo sáré lọ ṣílẹ̀kùn mọ́tò kí n lè ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Fìlà tuntun wọn ti wà lórí ìjókòó iwájú, wọ́n ti fi gbàyè sílẹ̀ de ọ̀la.

Inú ṣì ń bí mi. Mo tú omi kànga dànù; láàárọ̀ ọ̀la, màá ra omi aláwọ̀ ewé míì rọ sí i ká tó lọ sí Ifọ̀. Mi ò fọwọ́ kan fìlà.