Mo Ti Ṣí Ṣọ́ọ̀bù Ìyá Rẹ

Ọmọ mi àgbà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ. Àbúrò rẹ ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Oògùn orúnkún tí o fi ránṣẹ́ dé.

Mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ. Mo mọ̀ pé o ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Àwọn olùkọ́ yunifásítì wá bi àdúgbò pé kí ló ń dà wá láàmú. Mo ní, "Ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó pa ìyàwó mi nídìí maṣíìnì ìránṣọ, a ò sì mọ̀ pé ó ń ṣe é." Wọ́n ní àwọn ní nọ́ọ̀sì, àwọn ò ní yàrá tí wọ́n á ti máa yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn wò. Mo fún wọn ní kọ́kọ́rọ́. Káfíńtà àdúgbò wa kan àga fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ó jókòó sórí àga náà kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ti ga jù; òun náà ni wọ́n kọ́kọ́ sáré gbé lọ sílé ìwòsàn. Ó ti padà, ó ń pariwo: "Bàbá, àga tí mo fọwọ́ ara mi kàn ló tú àṣírí mi!" Ìyàwó rẹ̀ kò di opó. Èmi tí n kò kàwé, èmi àti yunifásítì la jọ ṣe é.

Maṣíìnì ìyá rẹ ṣì wà láyè rẹ̀. Fi fọ́tò ìyá rẹ ránṣẹ́, kí n gbé e kọ́ síbẹ̀. Ọlọ́run á jẹ́ kí o dàgbà jù ú lọ. Ìwọ náà, lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò kí o tó bínú sí mi.

Bàbá rẹ