Màámi, Rófíà Dá Dẹ́kìn Dúró

Màámi àtàtà,

Ọmọ yín ti di olùkọ́ o. Mo mọ̀ pé ẹ̀rín lẹ máa kọ́kọ́ rín, torí ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé mi ò ní sùúrù tí mo lè fi kọ́ ewúrẹ́ ní ọ̀nà ilé. Wọn ò fún mi ní ewúrẹ́. Ẹnjiníà tuntun mẹ́ta ni wọ́n fún mi, pẹ̀lú akoto funfun tí wọn ò tíì tú ọ̀rá kúrò lára rẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní pólì, ẹ sọ fún gbogbo àdúgbò pé iṣẹ́ wíwo ilé ni mò ń kọ́. Inú bí mi nígbà yẹn. Báyìí tí mo ti pẹ́ díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, mi ò tíì rí ẹni tó ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. A máa ń wo ilé ni. Àwọn ẹlòmíì ló ń kọ́ ọ.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lójú ọ̀nà Sẹ̀kọ̀nà ni a ń wò lọ́wọ́. Alhaji kan fẹ́ fi ṣe ilé ìwòsàn. Ọ̀gá wa sọ fún mi tààrà pé bí àwọn ọmọ mẹ́ta yìí ò bá lè dá dúró kí ilé náà tó parí, àwọn ò ní gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé mọ́ láé, àwọn tó ti mọ iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ nìkan ni àwọn á máa gbà. Mi ò mọ ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń bí àwọn tó mọ iṣẹ́ tẹ́lẹ̀.

Àwọn ọmọ náà mọ̀wé, ẹ jẹ́ kí n má purọ́. Rófíà, ọmọ àdúgbò Alájué, lè ṣírò irin lórí láìmú bírò. Dáre fi ilé náà hàn mí nínú kọ̀ǹpútà, ó ti kùn ún, òdòdó yí i ká, òyìnbó kan sì ń fi ajá rìn kiri níwájú rẹ̀. Ní Sẹ̀kọ̀nà. Kọ́lá, ẹnì kẹta wọn, máa ń ya ara rẹ̀ ní fọ́tò.

Ohun tí wọn ò mọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń kọ̀ fún àgbà. Àgbà ló kún sáìtì. Ọ̀gá káfíńtà tó bàbá ẹni, onílé tó bàbá àgbà ẹni. Bí irú wọn bá ní kí a da kọnkéré, ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé á ní ó dáa sà. Lójú tèmi, ẹ̀kọ́ ilé ti wó ilé púpọ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí yín. Gbogbo ìgbà tí Ìyá Àgbà bá ránṣẹ́ pé kí ẹ pa ṣọ́ọ̀bù tì, kí ẹ wá máa ṣe oko ní ìlú Ara, ẹ máa ń lọ. Ẹ ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀, ẹ ó kí wọn títí, ẹ ó bèèrè ara wọn, ẹ ó sì padà wá ṣí ṣọ́ọ̀bù. Màámi, ta ló kọ́ yín? Ṣé Ìyá Àgbà mọ ohun tí ẹ ń ṣe? Ní báyìí tí ẹ ti jọ wà lọ́hùn-ún, ṣé ẹ ṣì ń kúnlẹ̀ fún wọn? Ó dùn mí pé mi ò bi yín nígbà tí ẹ ṣì lè dá mi lóhùn.

Mo sọ ọ́ di ẹ̀kọ́. Láràárọ̀, mo máa ń dé fìlà, mo di Alhaji. Wọ́n á kúnlẹ̀ tàbí kí wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n á kí mi, wọ́n á sì kọ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, Dáre dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó gba gbogbo ohun tí mo sọ láti ilẹ̀ níbẹ̀, ó sì tún dúpẹ́.

Ọjọ́ dẹ́kìn wá pé, ìyẹn ọjọ́ tí a máa da kọnkéré àjà òkè. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: àwọn lébìrà kún ọkọ̀ dé, ìrẹsì wà lórí iná, Alhaji mú àwọn Ààfáà wá ṣàdúà. Ọ̀gá ní kí n dúró sí kọ̀rọ̀, kí n má la ẹnu, kí àwọn ọmọ náà dá a ṣe. Wọ́n ṣe àmín tán, ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré ti ń ké, ni Rófíà bá lọ wo òkè lẹ́ẹ̀kan sí i. Níbi bákónì, tí kò ní òpó lábẹ́, òkè ló yẹ kí irin wà. Àwọn tó ń kọjá ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó pẹrẹsẹ. Bí a bá dà á bẹ́ẹ̀, á ṣẹ́ lọ́jọ́ kan, pẹ̀lú aláìsàn tó jáde wá gba atẹ́gùn.

"Ẹ dúró ná!" Rófíà ló kígbe.

Alhaji gun àkàsọ̀ pákó tí wọ́n ń gbà ru kọnkéré lọ fúnra wọn. Rófíà ti kúnlẹ̀ sí orí àkàsọ̀ náà, kò sì sí ọ̀nà mìíràn.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ kú àdúà sà, Ọlọ́run á gbà á sà."

"Àmín. Dìde, ọmọ mi, jẹ́ kí wọ́n máa ru kọnkéré bọ̀."

"Ẹ má bínú sà. Wọn ò lè kọjá sà."

"Ìrẹsì ń tutù!"

"Àwọn màmá tó ń dáná á bá wa gbé e padà sórí iná sà."

"Ṣé o mọ̀ pé èmi ni mo ni ilé?"

"Ẹ̀yin lẹ ni ín sà. Ìdí tí mo fi kúnlẹ̀ nìyẹn sà."

Lébìrà kan kígbe láti ìsàlẹ̀: "Alhaji, ẹ ṣàdúà fún un kó lè dìde o!" Gbogbo sáìtì bú sẹ́rìn-ín. Alhaji ò lè ré ọmọ tó kúnlẹ̀ kọjá, wọn ò sì lè tì í lójú àwọn Ààfáà. Ẹ̀rín pa Alhaji fúnra wọn.

"Kí ló dé gan-an?"

Ó fi irin náà hàn wọ́n. Àwọn tó ń di irin gbé e padà sókè, wọ́n fi àga irin, ìyẹn irin kéékèèké tó ń gbé irin dúró, tì í lábẹ́. Dáre, Dáre tèmi yìí, dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní ẹni tí kò bá gba orí pákó tí a tẹ́ sórí irin kò ní gòkè. Kọ́lá gbàgbé láti ya fọ́tò. Kọnkéré parí kó tó di Mọ̀gàríbì, a sì jẹ ìrẹsì gbígbóná.

Ọ̀gá ò yìn mí. Wọ́n kàn bi mí pé ẹni mélòó ni mo lè gbà nígbà tó ń bọ̀.

Lánàá la yọ igi tó gbé bákónì dúró. Bí èyí tó kẹ́yìn ṣe ń bọ́, Rófíà rìn lọ sábẹ́ rẹ̀, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó gbójú sókè. Ẹnikẹ́ni ò rán an. Mo lọ dúró tì í. Ọ̀gá náà wá. Nígbà tó yá, Alhaji wá bá wa níbẹ̀, wọ́n ṣí fìlà kí wọ́n lè ríran dáadáa. A dúró síbẹ̀ títí ọrùn fi ń ro wá. Bákónì ò mì.

Èmi ni,
ọmọ tí ẹ bí, tí ẹ ò tíì ṣíwọ́ títọ́ rẹ̀.