Wọ́n Fi Mí Ṣọ́ Bàtà ní Ẹsẹ̀ Òkè Àdúrà

Ìgàndò, Sátidé

Fọlákẹ́ bí ọkùnrin. Kúnlé gbéyàwó. Bísí bí ìbejì. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ mi wọ̀nyí sínú ìwé, kí n lè kà á sókè fi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí òkè.

Ẹsẹ̀ òkè la ti bọ́ bàtà. Ni Délé ọmọ mi bá sọ fún amọ̀nà tó fẹ́ mú wa gun òkè pé, "Màmá ò lè gùn ún. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá wa ṣọ́ bàtà."

Èmi tí mo pọ̀n ọ́n gun òkè yìí nígbà tó ń ṣàìsàn! "Ṣé ẹsẹ̀ rẹ ni mo fẹ́ yá ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó bá tiẹ̀ lọ.

Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Bàtà ọmọ tèmi ni mo ṣọ́.

Mo ti bá amọ̀nà sọ ọ́: èmi àti òun nìkan la máa gun òkè náà ní Ọjọ́bọ̀. Mò ń fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà ránṣẹ́ sí i.