Ṣé Ẹ Pè Wọ́n Kí Ẹ Tó Pa Iná?

Bàbá mi,

Ẹ kú ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ iná. Ara mi le, mo sì ń jẹun dáadáa, kí Màmá má dààmú.

Lánàá, olùkọ́ wa sọ ìtàn ọjọ́ tí iná lọ ní orílẹ̀-èdè mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní òṣìṣẹ́ kan pa wáyà ńlá kan láti tún un ṣe, kò pe àwọn òṣìṣẹ́ iná òdìkejì ààlà láti sọ fún wọn. Iná tí wáyà náà ń gbé bọ́ sórí àwọn wáyà yòókù, apá wọn ò ká a, wọ́n sì ń kú tẹ̀léra.

"Ta ló bí irú èyí?" ni ọ̀rẹ́ mi wí. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, Bàbá, ẹ má bínú.

Nílé, ẹ̀yin máa ń sọ pé ẹ pè wọ́n lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó pa wáyà náà, kò sẹ́ni tó gbé e. Olùkọ́ ní ká kọ ẹni tó jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ náà tojú sú mi, ìwé mi ṣófo. Tó bá ṣì ṣófo lọ́jọ́ Ajé, òdo ni màá gbà.

Ẹ bá mi kí àbúrò mi. Tó bá tún ní kí ẹ sọ ìtàn ọjọ́ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn ná: ṣé ẹ pè wọ́n lóòótọ́?

Ọmọ yín