Ìmọ̀ràn Tí Mo Gba Ọmọ Rẹ

                                        Ilé Àwọn Olùkọ́ Tó Ti Fẹ̀yìn Tì,
                                        Kọ́lẹ́ẹ̀jì Mmadithaba,
                                        Gúúsù Botswana.
                                        Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹwàá, ọdún 2011.

Bàbá Segametsi, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Ṣé àlàáfíà ni o wà níbi tí o ti ń da màlúù yẹn? Ìyá Segametsi ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ ti ń gbà á láyè láti rìn? Àwọn màlúù ńkọ́? Ṣé òjò ti kan ilẹ̀ lọ́dọ̀ yín? Níbí, ojú ọ̀run ṣú títí, ó tún là padà. Ìyá Oteng kí ọ. Ó ní kí n sọ fún ọ pé ẹran gbígbẹ tí o fi ránṣẹ́ ti tán, kí o má ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ara tèmi náà le, ọkàn mi ni kò le.

Tẹlifóònù kì í wọlé lọ́dọ̀ rẹ, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé. Ká tilẹ̀ ní ó ń wọlé, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe é fẹnu sọ. Jọ̀wọ́, kà á dé òpin kí o tó bínú.

O mọ̀ pé Ọ̀gá Kebonang, olórí kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, máa fẹ̀yìn tì lópin ọdún. Dípò kí ìgbìmọ̀ lọ mú àlejò wá, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi iṣẹ́ olórí kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó wà nílé, olùkọ́ àti akọ̀wé àti àwọn tó ń bójú tó ilé akẹ́kọ̀ọ́. Oníkálukú á gba àga olórí fún oṣù kan, á máa darí ìpàdé gbogbo òṣìṣẹ́, àgbà kan á sì jókòó tì í láti tọ́ ọ sọ́nà. Nígbà tó kan Segametsi ọmọ rẹ, èmi ni wọ́n ní kí n jókòó tì í. Ó sáré wá bá mi, ó ní, "Bàbá Oteng, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní ìṣirò. Ẹ̀yin náà lẹ máa kọ́ mi ní èyí."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lára bí ẹ̀gún.

Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi ṣe igbákejì níbí. Olórí ń bọ̀, olórí ń lọ, èmi ni mo ń kí wọn káàbọ̀, èmi ni mo ń sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó ní kí n fìdí lé àga yẹn wò. Ọmọ tí mo máa ń fà létí nítorí ìṣirò ni wọ́n wá gbé e fún, wọ́n tún rán an lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Gaborone. Nígbà tó dé, àwọn awakọ̀ ń ṣí fìlà fún un. Bó bá rẹ́rìn-ín, ó máa ń dà bí ẹni pé èmi ló ń fi ṣẹ̀sín. Mo jowú ìwọ náà. Oteng mi wà níbi ìwakùsà, kì í kọ̀wé, kì í pè. Tìrẹ ń gòkè. Mo ń bi ara mi pé kí lo ṣe tí èmi kò ṣe.

Ìwọ náà mọ bí a ṣe ń ṣe ní kgotla, ní gbàgede ọba. Ọba á dákẹ́. Arúgbó á sọ, ọ̀dọ́ á sọ, ẹni tí kò ní làákàyè á sọ tirẹ̀ pẹ̀lú. Ìgbà tí wọ́n bá sọ tán ni ọba tó ń lanu. Bó bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ìpàdé ti tán nìyẹn: kò sẹ́ni tó máa bá a jiyàn, kò sì sẹ́ni tó máa ṣe ohun tó wí. A ti mọ èyí kí a tó mọ ìwé.

Ọ̀rọ̀ omi ló wà nílẹ̀ fún ìpàdé Segametsi. Kànga wa ti ń gbẹ, omi kò tó ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní, "Bàbá, mo fẹ́ gbọ́ tẹnu wọn kí n tó sọ tèmi."

Wọ́n ní ohun tí àgbà bá rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun igi, kò lè rí i. Ohun tí èmi rí lórí ìjókòó tèmi kò ju bí màá ṣe fa ọmọ náà wálẹ̀ lọ. Mo ní, "Rárá o. Ọmọdé ni ọ́ lójú wọn. Bí o kò bá kọ́kọ́ pàṣẹ, wọ́n á gba ìpàdé mọ́ ọ lọ́wọ́. Ṣé wọn ò kọ́ ọ ní Gaborone ni?" Ó wò mí títí. Nítorí pé èmi ni, ó gbà.

Ó dìde, ó pàṣẹ: omi àárọ̀ fún ìwẹ̀, omi ìrọ̀lẹ́ fún ilé ìdáná. Lẹ́yìn náà ló bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀. Ìyá Ditiro, olórí àwọn alásè, tún ìborùn rẹ̀ ró. Ó ní, "Ọba ti sọ̀rọ̀. Kí ló kù tí ìlú fẹ́ sọ?" Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, wọ́n sì túká. Lọ́jọ́ kejì, ilé ìdáná fa omi láàárọ̀ bí ìṣe wọn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí kíláàsì láìwẹ̀. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ìgbìmọ̀ ti ń sọ pé bóyá kí àwọn yọ orúkọ Segametsi kúrò láàárín àwọn tó lè di olórí.

Mi ò ní parọ́ fún ọ. Mo jẹun dáadáa lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ wá sílé wa. Kò jókòó. Ó ní, "Bàbá, mo ṣe bí ẹ ṣe wí, ó sì bàjẹ́. Ó ní láti jẹ́ pé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n sọ. Mo fẹ́ sọ fún Ọ̀gá Kebonang pé kí wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn." Ìyá Oteng, tó ń ro ọkà bogobe lórí iná, gbójú sókè, ó tẹjú mọ́ mi. Ó mọ̀ mí. Mo ní kí Segametsi má tíì lọ, kí ó tún ìpàdé pè, kí ó sì dákẹ́ títí gbogbo wọn á fi sọ tán.

Àná ni ìpàdé náà. Ìyá Ditiro sọ̀rọ̀ títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Awakọ̀ kan ní omi tí àwọn olùkọ́ fi ń fọ mọ́tò ló ń pa wá, olùkọ́ kan ní, "Ta ló ń bá wa fọ̀ ọ́ gbowó? Ṣé ìwọ kọ́?" Wọ́n rẹ́rìn-ín gan-an. Ìgbà náà ni mo dìde. Mo ní èmi ni mo ní kí olórí kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ níjọ́sí, pé mo mọ̀ pé kò dára kí n tó sọ ọ́, pé ìlara ló mú mi ṣe é.

Ìyá Ditiro ní, "Ẹ̀yin bàbá yìí, àga yẹn lẹ ṣì ń rò?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Segametsi ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ó ní kí ilé ìdáná máa pọn omi tiwọn sínú àgbá lálẹ́, kí àárọ̀ jẹ́ ti ìwẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọ mọ́tò títí òjò á fi dé. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n sọ ọ́, òun kàn kó o jọ ni. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá Oteng. Mi ò ní nílò ẹni tó máa jókòó tì mí mọ́. Àyè wà fún yín láàárín àwọn tó ń sọ̀rọ̀." Mo gbé àga mi, mo lọ síbẹ̀. Kò pariwo, kò bú mi. Èmi ì bá pariwo. Bóyá ìdí nìyẹn tí wọn kò fi gbé àga náà fún mi rí.

Láàárọ̀ yìí ni ìgbìmọ̀ yàn án ṣe olórí. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n àyà mi ló kọ́kọ́ já. Mo ṣì ń jowú, ọ̀rẹ́ mi. Mo rò tẹ́lẹ̀ pé ọjọ́ ogbó máa ń wẹ̀ ẹ́ kúrò lára ènìyàn ni.

Segametsi ní òun kò ní sọ fún ọ, pé ìbárẹ́ wa pẹ́ ju òun lọ. Èmi ni mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ. Bá mi kí Ìyá Segametsi àti àwọn aládùúgbò rẹ níbẹ̀.

Oṣù Kìn-ín-ní ni wọ́n máa fi í sórí àga, iwájú ni wọ́n sì máa mú ọ jókòó sí. Ilé wa ni o máa ń wọ̀ sí bí o bá wá. Ìyá Oteng ti sá bùláńkẹ́ẹ̀tì rẹ sí oòrùn. Bí o bá gba ilé ẹlòmíràn lọ, mi ò ní bèèrè ìdí.

Èmi ni, bí o bá ṣì gbà mí,

Tshenolo Ramodisa
(Bàbá Oteng)