Etí Mi Ni, Kì í Ṣe Ohùn Rẹ

Agége,
Ọjọ́ kẹjọ, Oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Moyọ̀sọ́lá ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Ìbàdàn? Ara àwa náà le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, kí o sì yéé fi bisikíìtì ṣe oúnjẹ alẹ́.

Ìwé ni mo kọ nítorí pé o kì í gbé ìpè mi láti ìkórè èṣí. Mi ò bá ọ wí. Ẹ̀bi mi ni.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n yẹ etí gbogbo àwa òṣìṣẹ́ wò ní ilé iṣẹ́ ìṣó wa n'Ìlúpéjú. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Stella fi nǹkan bò mí létí, ó ní kí n máa nawọ́ tí mo bá ti gbọ́ ìró. Èyí tó ki, mo gbọ́. Nígbà tó yá, mo kàn jókòó, mo rò pé ẹ̀rọ rẹ̀ ti kú ni. Kò kú. Àwọn ìró tín-ín-rín ló ń dún, èmi ni mi ò gbọ́.

Ó ṣàlàyé pé irun wẹ́wẹ́ kan wà nínú etí lọ́hùn-ún tó ń gba ìró. Àwọn tó ń gba ìró tín-ín-rín ló wà lẹ́nu ọ̀nà; àwọn ni ariwo kọ́kọ́ ń pa, wọn kì í sì í hù padà. Ọdún méjìlélógún ni mo ti wà nídìí ẹ̀rọ aláriwo tó ń gé ìṣó. Wọ́n ń fún wa ní ohun ìdítí, ṣùgbọ́n inú àpò ni tèmi ń gbé, torí mo máa ń fọ́nnu pé etí ni mo fi ń mọ ẹ̀rọ tó ń ṣàìsàn.

Stella ní ìró ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ lọ, àti ibi tó mú nínú ohùn obìnrin, tó ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ orin yé ni. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni mo rántí rẹ. Èmi tí mo jẹ́ ọ̀gá akọrin ìjọ wa, mo ní ò ń kọrin bí ẹni tí aṣọ dí lẹ́nu, mo gba orin ìkórè èṣí lọ́wọ́ rẹ, mo gbé e fún Emmanuel, akọrin ẹgbẹ́ rẹ, torí pé ohùn tirẹ̀ ki. Praise tó ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ fún wa náà, mo máa ń jágbe mọ́ ọn pé ó ń sùn. Ó dùn mí gan-an.

Nígbà tí mo délé, mo ní kí ìyá rẹ tẹ orin rẹ tó wà lórí fóònù rẹ̀. Ní etí tèmi, aṣọ ṣì wà lẹ́nu rẹ. Ìyá rẹ ní gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń jáde ketekete.

Lójú ẹgbẹ́ akọrin ni mo ti dójú tì ọ́. Lójú wọn náà ni mo ti sọ òtítọ́ lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Mo ti gbé ipò ọ̀gá akọrin fún Emmanuel. Òun ló ní ìwọ ni kí o kọ orin ìkórè ọdún yìí. Jọ̀ọ́, dárí jì mí, kí o wá.

Ọlọ́run á dá ohùn rẹ sí. Kò ní jẹ́ kí ariwo ayé gba ohun tó fún ọ.

Èmi ni bàbá rẹ tó ṣì ọ́ gbọ́,
Ìgbẹ́kẹ̀lé.

Àfikún: Kọ ọ̀rọ̀ orin náà ránṣẹ́ sí mi kí ọjọ́ ìkórè tó pé. Iwájú ni màá jókòó sí, màá máa kà á bí o bá ṣe ń kọ ọ́.